Mo ní kí n ka ọdún Ìyá àgbà, lọ̀rọ̀ bá di ti Bàbá Òṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé n kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ ilé mi wá síbí. Ọ̀rọ̀ olóṣèlú, ọ̀rọ̀ òṣèré, ọ̀rọ̀ ẹni tó lé ìyàwó ẹ̀ jáde àti ẹni tí ìyàwó lé jáde, ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́ ṣe. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé mo tú àṣírí ilé síta. Ẹni tọ́rọ̀ náà kàn jù, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òṣogbo, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà ti má dárúkọ àwọn, kí n má sì dárúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Mo ti gbọ́.

Inú oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni àbígbẹ̀yìn wọn, ló kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé lọ́dún Kérésì tó ń bọ̀ yẹn, kí gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ pàdé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ká ṣe ọjọ́ ìbí fún Ìyá àgbà. Ó ní wọn ò ṣe é rí láyé wọn, kí wọ́n tó lọ síbi àgbà ń rè, ó yẹ kí wọ́n ti gé kéèkì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ti rí aṣọ tá a máa wọ̀, òun sì ti bá ẹni tó ń ta màlúù sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iye ọdún tá a máa kọ sára káàdì. Ló bá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí: “Àkànní, ìwọ lo jẹ́ akọ̀wé nínú wa. Lọ jókòó ti ìyá wa, kó o kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn fún wa. Ojú ewé mẹ́rin ti tó.”

Kò pẹ́ ni ìjà dé sórí iye ọdún. Àǹtí kan ní àádọ́rùn-ún ọdún ni, òun ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ọmọ bàbá mi kan tó wà l'Ábújá ní rárá, méjìdínlọ́gọ́rin ni. Bàbá mi, tí kì í fẹ́ wàhálà, ní ó ti lé ní ọgọ́rin, iye tó fi lé ni òun ò mọ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ Ìyá àgbà, ó gbé e sáàárín wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1950.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kìn-ín-ní! Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí ìdajì àwọn arúgbó tó wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti sọ pé òun ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun, ọjọ́ yẹn ni akọ̀wé máa fún un. Èyí ò dùn mí. Ọdún yẹn gan-an ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Ọdún 1963 ni wọ́n bí bàbá mi, ó sì dá mi lójú, nítorí pé káàdì ìrìbọmi wọn wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. Tó bá jẹ́ 1950 ni wọ́n bí Ìyá àgbà, a jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi bí bàbá mi nìyẹn. Bàbá mi kọ́ sì ni àkọ́bí o!

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo wà ní Poli Ìrèé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nípa ìròyìn ni pé orúkọ èèyàn ò dá dúró, ọjọ́ orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Olóòtú tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ á ju ìròyìn padà sí ẹ lójú bó ò bá kọ “ọmọ ọdún báyìí” síbẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ gbogbo ayé nìyẹn. Mo ti béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ olè ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣèré wa obìnrin, àwọn tó ń ṣe ọgbọ̀n ọdún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí n ò sì lè sọ pé irọ́ ni, torí pé wọ́n á ní mo fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Mo ti kọ̀tàn òkú arúgbó lóríṣiríṣi, iye tí àwọn ọmọ bá ní kí n kọ ni mo máa ń kọ. Baba kan wà tí mo kọ 105 fún, káwọn ọmọ ẹ̀ tó sanwó ojú ewé náà, bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi mo mọ̀ pé baba yẹn ò tíì pé àádọ́rùn-ún. Àmọ́ ti ìyá tó bí bàbá tó bí mi, n ò mọ nǹkan kan ju oríkì wọn lọ. Ojú tì mí.

Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń gbọ́ bùkátà lórí ìtàn àgbàlagbà. Láti 1929 wọ 1930 ni I. B. Thomas ti ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, obìnrin tó jayé nígbà èwe, tí àìsàn àti ìyà wá mú mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Àwọn òǹkàwé káàánú ẹ̀ débi pé wọ́n fowó ránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra ẹ̀ ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ń kọ gbogbo ẹ̀! Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnì kan hun arúgbó jáde látinú orí ara ẹ̀, èmi ní arúgbó gidi nílé, n ò lọ bá wọn jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni mo wọkọ̀ l'Óṣogbo, mo gba Ìkìrun kọjá, ó di Ìlá. Mo bá Ìyá àgbà níwájú ilé, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí sínú ìgbá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ọmọ. Mo jókòó, mo mú ìwé àti bírò jáde. Mo ní, “Ìyá àgbà, ọdún mélòó lẹ jẹ́?”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọkọ mi, ṣé o fẹ́ tà mí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá, àwọn ọmọ yín ló fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní ta ló ń ṣe ọjọ́ ìbí fún arúgbó, ṣé ọjọ́ tí wọ́n bí i ló kù sílẹ̀ fún un ni àbí ọjọ́ míràn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà ràn mí lọ́wọ́. Ni wọ́n bá sọ ohun kan tí mo kọ sílẹ̀ kíákíá. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ nílé wa pé ògbó, ìyẹn àdá ńlá ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, òun ló mọ̀nà tó fi mú wa dé ibi tá a tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ìyá àgbà ní, “Ògbó ló mọ ọ̀nà, ọkọ mi. Ogbó ò mọ ọdún.”

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ o, àwọn tí ò mọ iye ọdún wọn yìí, ohun tí wọ́n mọ̀ jùyẹn lọ. Ìyá àgbà ò mọ nọ́ńbà kankan, àmọ́ kò sí ẹni kan nínú agboolé wa àti agboolé tó yí wa ká tí wọn ò mọ ẹni tó jù ú lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n fún mi bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Lágbájá ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ìgbà tí wọ́n ń kọbè lọ́dún yẹn. Tàmẹ̀dù tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bí àwọn, ẹni tó tẹ̀ lé àwọn ti kú. Ti àwọn ìyàwó ilé tún yàtọ̀, ọjọ́ tí kálukú wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń ka tiwọn. Obìnrin kan wà nínú ilé wa kó tó kú, ó ju Ìyá àgbà lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ wọlé, ìyàwó ni wọ́n pè é títí tó fi wọ káà ilẹ̀. Ìyá yẹn á kúnlẹ̀ kí wọn ní gbogbo àárọ̀, kò sì sí ẹni tó rí i bí ìyà.

Mo wá ń fi ohun tí mo mọ̀ wá ohun tí wọ́n mọ̀. Mo ní ṣé wọ́n rántí ogun Hítílà? Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ pé ẹ̀yìn lòun pọn àwọn sí nígbà tí ìròyìn ogun náà dé, àwọn ò tíì rìn. Oṣù Kẹsàn-án 1939 nìyẹn. Mo kọ ọ́.

Mo ní ṣé ọjọ́ kan wà tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án? Ẹ wo bí ojú wọn ṣe tàn! Wọ́n gbé ìgbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Ta ló sọ fún ẹ? Odò ni mo ti ń bọ̀, agbè omi wà lórí mi. Ni gbogbo ibi bá ń pọ́n bí epo, ló bá ń dúdú. Adìẹ ń wọlé sùn. Àwọn àgbà ń pariwo. Mo ju agbè sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ fẹ. Kí n tó délé, oòrùn ti tún yọ. Ìyá mi nà mí o, ó ní ta ló ní kí n fọ́ agbè òun.” Ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1947 ni. Òṣùpá ló bo oòrùn lójú, ó sì gba orí Nàìjíríà kọjá. Èmi náà rí irú ẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 2006, mo wà níléèwé girama, àwọn tíṣà ní ká má gbójú sókè. Ọmọ mélòó ló máa ń lè ru agbè omi dé odò? Ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ. Ó bá ti Hítílà mu.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni ti iléèwé. Ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, 1955, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlá sì wà nínú ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó jẹ́ Ìgbómìnà bíi tiwa lápá Ọ̀mù-Àrán àti Àjàsẹ́ lọ́hùn-ún, abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n wà, tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé ìbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, etí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, bí ọwọ́ ẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó iléèwé lọ. Ìyá àgbà ló fa àbúrò wọn ọkùnrin lọ síbẹ̀. Ọwọ́ àbúrò náà kan etí díẹ̀ báyìí, wọ́n gbà á.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi náà gbé ọwọ́ tèmi.”

Mo ní, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ó kọjá etí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìwọ ti di ìyàwó ilé.’ Èmi náà rẹ́rìn-ín.” Wọ́n fi ọwọ́ wọn hàn mí bó ṣe kọjá etí lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yẹn ò lè dé orí mọ́ báyìí, léjìká ló máa ń dúró.

Ẹni kan wà nílùú wa tí ọjọ́ orí tiẹ̀ ò ní àríyànjiyàn. Ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, 1939, ni wọ́n bí Olóyè Bísí Àkàndé ní Ìlá, àwọn tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Nígbà tí wọ́n ń kó ìwé tí bàbá náà kọ nípa ìgbésí ayé wọn, My Participations, jáde l'Ékòó ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, 2021, Ìyá àgbà gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n bi mí pé ta ló bá wọn kọ ọ́. Mo ní àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n.” N ò ka ìyẹn sí nígbà náà. Gómìnà ti ní ìwé. Àwọn ọba Ìlá náà ti ní, John Pemberton ará Amẹ́ríkà àti Fúnṣọ́ Afọláyan kọ odidi ìwé lórí oyè Ọ̀ràngún, ó jáde ní 1996. Ẹni tó gúnyán fọ́mọ mẹ́fà, tó sì sin ọkọ ní 1975 tí àbígbẹ̀yìn wà lẹ́nu ọmú, ojú ewé mẹ́rin lòun ń retí, ìyẹn gan-an sì di ìjà.

Mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ sọ ti àkọ́bí yín fún mi.”

Wọ́n ní kí n wọ yàrá, kí n wo abẹ́ ibùsùn, àpótí kan wà níbẹ̀, ife kan wà nínú ẹ̀, kí n gbé e wá. Ife kékeré kan ni, etí ẹ̀ ti bó, àmọ́ àwọ̀ ewé àti funfun ṣì wà lára ẹ̀, ìwé kíkọ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n pín in fún gbogbo ọmọ iléèwé. Àbúrò wọn tí wọ́n fi etí gbà sílé ìwé ti dé kíláàsì kẹfà, òun ló gbé ife tiẹ̀ wá fún wọn. “Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa fi mumi, oyún yìí ń gbẹ yín lọ́fun.’ Ọyẹ́ tó mú tẹ̀ lé e ni mo bí Àjàní. Inú ife yìí ni mo ti fún un lágbo mu.”

Àjàní ni Bàbá Òṣogbo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bírò dúró lọ́wọ́ mi. Òmìnira, 1960. Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìbẹ̀rẹ̀ 1961. Lọ́dún tá a wà yẹn, Bàbá Òṣogbo ti ń lọ sí ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé a ti ń dáwó jọ fún àsè ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n ní 2026 làwọn máa pé ọgọ́ta ọdún, tí ìjọba máa ní kí àwọn máa lọ sílé. Mo rọra béèrè, “Ìyá àgbà, ta ló mú yín lọ ya káàdì yẹn?”

“Ta ni ì bá tún mú mi lọ? Bàbá Òṣogbo nù un. Òun ló dá gbogbo wọn lóhùn. Èmi ṣáà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.”

1950, kí ó lè bá 1966 mu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè bímọ. Ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn, ó mọ ìṣirò. Bàbá mi nìkan ló gbàgbé sínú ẹ̀!

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni fóònù mi dún. Ìròyìn kì í pẹ́ dé Òṣogbo. “Àkànní, mo gbọ́ pé o wà ní Ìlá. Mo gbọ́ pé ò ń kọ nǹkan sílẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. “Má kọ iye ọdún kankan sí i. Kọ ‘Ìyá wa’, ó tó.” N ò sọ̀rọ̀. Àwọn náà ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n wá tú u palẹ̀ fún mi, ohùn wọn ò sì le mọ́.

Ọdún 1975 ni bàbá wọn kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n. Wọ́n fi iléèwé sílẹ̀, wọ́n gba oko. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi kọ ebè, tí wọ́n fi gun ọ̀pẹ, tí wọ́n fi bọ́ àwọn àbúrò márùn-ún. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rí owó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ni èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí oúnjẹ. Nígbà tí ìjọba UPN ti Bọ́lá Ìgè sọ iléèwé girama dọ̀fẹ́ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ lẹ́yìn 1979, wọ́n padà wọ ṣòkòtò kákí ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àwọn ọmọ kíláàsì wọn ń pè wọ́n ní Bàbá. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n tún kàwé sí i. Ìgbà tí wọ́n fi máa wáṣẹ́ lọ ní 1992, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ibi tí wọ́n rí ní ẹni tó bá ti ju ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kó má wulẹ̀ yọjú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ni wọ́n bá wọ kóòtù, wọ́n búra.

“Ọdún márùn-ún tí mo fi gbé oko,” wọ́n ní, “òun ni mo gé kúrò. N ò gé ti ẹlòmíì.”

N ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ olóṣèlú ló gé ọdún márùn-ún kúrò lórí ọjọ́ orí ẹ̀, kò sí àní-àní, iwájú ìwé ìròyìn ni mo máa gbé e sí, máa sì ya fọ́tò ẹ̀ gàdàgbà. Mo ti kọ irú ẹ̀ rí, mo bú àwọn èèyàn náà dáadáa. Èmi ọmọ ọdún June 12 tí mo wà yìí, àwọn ọdún yẹn ni wọ́n fi ra àpótí irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí bàbá mi fi tọ́ mi. Wọ́n ti ṣe òfin pé kí wọ́n máa forúkọ gbogbo ọmọ tuntun sílẹ̀ láti 1992, oṣù mélòó kan kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni bàbá mi fi bírò kọ tèmi sí. Ọmọ tèmi ti ní ìwé ìbí kó tó mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni máa wá gbé pẹ́ńsù lé, kí n máa bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún ìjọba?

Mo tẹ ojú ewé mẹ́rin náà. Ilẹ̀ tó ṣú wà níbẹ̀, agbè tó fọ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ tó kọjá etí náà wà níbẹ̀. N ò fi ife sí i. N ò kọ iye ọdún. Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù fi ohùn ránṣẹ́ pé irú akọ̀wé wo leléyìí.

Ọjọ́ kejì Kérésì la ṣe é. Aṣọ dára, màlúù kú, onílù ò jẹ́ ká gbádùn, gbogbo ẹ̀ náà ló ṣáà lọ bó ṣe máa ń lọ. Nígbà tó kan kí Ìyá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ohùn kúrò lẹ́nu àwọn, àwọn ò bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Àjàní, wá jókòó síbí.” Bàbá Òṣogbo rìn wá, ẹ̀ ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé orúnkún ọ̀tún yẹn. Àwùjọ dákẹ́. Èmi ti ń làágùn.

“Ọyẹ́ tó mú lẹ́yìn òmìnira ni mo bí ẹ,” Ìyá àgbà ní. “Ìwọ ni mo fi di ìyá. Mo ń wò ẹ́ lánàá bó o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, o di ilẹ̀kùn mú. Àwọn tó o jù lọ ti ń jókòó sílé. Kí lò ń ṣe níbẹ̀ tó ò tíì wálé?”

Bàbá Òṣogbo ṣí fìlà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àwọn kan rò pé ìyá ń súre fún ọmọ ni, wọ́n ń ṣe àmín.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní kí ló dé, ṣebí ọdún kan ṣì kù, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Wọ́n sọ fún mi pé èyí tó ń dun àwọn jù ní gbogbo ọdún yẹn ni àsè ìfẹ̀yìntì àwọn ẹlòmíì, pé àwọn tí wọ́n ń pe àwọn ní àbúrò níbẹ̀, ọmọ kékeré ni wọ́n sí àwọn, àwọn á sì dìde gbé àga fún wọn. Ṣé ẹ rí i, Yorùbá ni wá. Ọgbà iṣẹ́ ló gba ọdún márùn-ún lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ipò ẹ̀gbọ́n tó bá a lọ ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Bàbá mi ò wá jẹ́ kí wọ́n gbádùn mọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pàdé báyìí, bàbá mi á ní lórí ìwé, ọdún mẹ́ta ni òun fi ju Bàbá Òṣogbo lọ, kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ kí òun. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí. Tó bá yá, bàbá mi á tẹríba, á ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kúulé.”

Nínú oṣù Kẹta ni Bàbá Òṣogbo pè mí. Gbólóhùn kan péré: “Kọ ọ́.”

Mo ṣì ń lọ sí Ìlá lóṣooṣù. Ìwé tí mo ń kọ ti kúrò ní ojú ewé mẹ́rin, ó ti gba ìwé kíkọ méjì. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Ìyá àgbà á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, níbi tó dùn jù, á ní ó tó. Tí mo bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ parí ẹ̀, wọ́n á ní, “N ò ní sọ gbogbo ẹ̀ tán. Tí mo bá sọ ọ́ tán, o ò ní wá mọ́.”

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ife yẹn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò dá a padà sí àpótí mọ́. Wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, “Àkànní, ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni wọ́n kọ sí i?”

Láti ọjọ́ tí àbúrò wọn ti gbé e wá, kò sẹ́ni tó kà á sí wọn létí. Mo kà á fún wọn. Mo ní Nàìjíríà ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti òmìnira, àti 1960.

“Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?”

Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ní, “Ó dáa. Bá mi bu omi sí i, mo fẹ́ lo oògùn mi.”